Kó O Tó Buwọ́ Lùwé Píkọ́ọ̀pù Oníná: Ọ̀rọ̀ Ìnṣọ́ránsì Láàárín Èmi àti Ìwọ

Àbúrò mi, má tíì buwọ́ lùwé. Mo mọ̀ pé píkọ́ọ̀pù oníná mànàmáná yẹn ti wọ̀ ọ́ lójú, mo sì mọ̀ pé dílà ti ka owó oṣooṣù sí ọ létí títí ó fi dà bí ohun tí apá rẹ ká. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n kà fún ọ. Owó ìnṣọ́ránsì ń bọ̀ lẹ́yìn, òun ló sì máa ń sọ ọkọ̀ tó rọrùn lẹ́nu dílà di ẹrù nílé. Gba VIN ọkọ̀ náà, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, kó o sì sọ fún wọn pé ò ń padà bọ̀. Bí wọ́n bá ní ẹlòmíràn máa gbé e lọ lónìí, jẹ́ kó gbé e lọ. Òmíràn ń bọ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ bá ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n bá àwọn àbúrò wa sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní ìyẹ̀wù. Ẹ̀yin náà ẹ máa bá wa gbọ́ ọ. Àwa tá a wà ní Houston àti agbègbè rẹ̀ ni mò ń bá wí jù, láti Alief títí dé Katy àti Richmond, àwa tá a ń gbé kúlà oúnjẹ lọ síbi ìnáwó ní Sátidé, tá a tún ń lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Sọ́ńdè. Òfin Texas ni màá fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹni tó bá wà ní Maryland tàbí Georgia lè lo ìmọ̀ràn kan náà, kó ṣáà yẹ òfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀ wò.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú lọ́kàn kò pọ̀. Ẹni tó pe owó pọ́ọ́kú kọ́ ni yóò gbà ọ́ lọ́jọ́ òfò. Ìwé méjì tí ohun inú wọn kò bára mu kò ṣeé fi wéra rárá. Kọ́kọ́ mú kí àwọn ìwé náà dọ́gba, lẹ́yìn náà ni kó o wá wo owó.

Ìdí tí owó rẹ̀ fi ga

Mo mọ ìdí tí ọkọ̀ yìí fi ń wu àwa obìnrin oníṣòwò. Ford F-150 Lightning, tó dé ọwọ́ àwọn oníbàárà ní 2022, ní àpótí ńlá níwájú, níbi tí ẹ́ńjìnnì ì bá wà. Èyí tó lágbára jù nínú wọn lè fún ọ ní iná kílówáàtì 9.6 láti inú bátìrì ọkọ̀. Fíríìsà á máa ṣiṣẹ́, gbohùngbohùn á máa ké, iná á máa tàn nínú àgọ́, láìsí jẹnerétọ̀ kankan tó ń bú ramúramù lẹ́yìn àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n kó sínú rẹ̀ yìí náà ló ń mú kí àtúnṣe rẹ̀ wọ́n.

Ní 2023, ìwé ìròyìn New York Times ròyìn píkọ́ọ̀pù oníná Rivian R1T kan tí ọkọ̀ Lexus gbá lẹ́yìn. Ìgbá náà kò le. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ẹni tó gbá a fi ṣẹ́ẹ̀kì $1,600 ránṣẹ́. Nígbà tí ibi àtúnṣe tí Rivian fọwọ́ sí fi máa parí iṣẹ́, owó náà ti di $42,000. Kí ló fà á? Ara ọkọ̀ náà lọ láìjá láti ẹ̀yìn títí dé òpó gíláàsì iwájú. Kí wọ́n tó lè tún ẹ̀yìn ṣe, wọ́n ní láti tú aṣọ òrùlé inú ọkọ̀, wọ́n sì ní láti yọ gíláàsì iwájú. Gbogbo ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ka irú ìròyìn yẹn, wọ́n sì ti ṣírò rẹ̀ mọ́ iye tí wọ́n máa pè fún ọ.

Kì í ṣe Rivian nìkan. Irin tí kì í dípẹtà ni ara Cybertruck tí Tesla bẹ̀rẹ̀ sí í fi lé àwọn èèyàn lọ́wọ́ ní oṣù Kọkànlá 2023. Kò ní ọ̀dà tí èèyàn lè fi bo ojú ibi tó tẹ̀ wọnú bíi ti Corolla. Alumíníọ̀mù ni ara Lightning. Kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ ìwòye kún ara gbogbo wọn, bí wọ́n bá sì yọ bọ́ńpà, wọ́n ní láti tún ojú àwọn ẹ̀rọ náà tò kí wọ́n tó lè ríran dáadáa. Abẹ́ ọkọ̀ ni bátìrì wà. Bí nǹkan bá gún un, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè sọ pé ọkọ̀ ti kú, pé àtúnṣe rẹ̀ kò mú èrè wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló tó fọwọ́ kan iná tó wà nínú rẹ̀.

Ìwúwo tún wà níbẹ̀. Lightning lé ní pọ́n-ùn 6,000. GMC Hummer EV lé ní 9,000. Bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá lọ rọ́ lu ọkọ̀ ẹlòmíràn, ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká fi ọwọ́ nù ún.

Nítorí náà, má ṣe fi iye tí ọ̀rẹ́ rẹ ń san lórí F-150 onípẹtiróòlù ṣe ìṣírò tìrẹ. Má sì sọ fún ejẹ́ńtì pé "Lightning ni" kó o dákẹ́. Owó Lightning Pro tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ àti ti Platinum tí wọ́n ṣe fún fàájì jìnnà síra. VIN ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Díẹ̀ ni òfin ń bèèrè

Nílé, ọ̀pọ̀ wa ló ka ìnṣọ́ránsì sí ìwé tá a fi ń kọjá níwájú ọlọ́pàá. Third party ọkọ̀ àdáni, tó di ₦15,000 lọ́dún láti oṣù Kìíní 2023, la máa ń rà, a ó tì í sínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó parí. Má gbé ìwà yẹn wọ Amẹ́ríkà.

Ohun tí Texas ní kó o ní ni liability 30/60/25: $30,000 fún ẹnì kan tó o bá ṣe léṣe, $60,000 fún gbogbo àwọn tó bá fara pa nínú ìjàǹbá kan, àti $25,000 fún dúkìá wọn. Wo $25,000 ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ọkọ̀ mélòó lò ń rí ní Beltway 8 láàárọ̀ tí iye rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Bó bá jẹ́ ìwọ lo jẹ̀bi, tó o fi pọ́n-ùn 6,000 ba ọkọ̀ $60,000 jẹ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ á san $25,000, wọ́n á sì yọwọ́. Ìyókù di gbèsè lọ́rùn rẹ.

Bèèrè 100/300/100 lọ́wọ́ gbogbo wọn. Owó tó máa fi lé kì í sábà tó bí ẹ̀rù ṣe ń bà wá. Bó o bá ní ilé, tàbí tó o ti ní owó díẹ̀ nípamọ́, bèèrè iye tí umbrella $1,000,000, ìyẹn àfikún tó ń gorí liability rẹ, máa jẹ́ pẹ̀lú.

Nǹkan méjì kan wà tí òfin Texas ní kó wà nínú ìwé rẹ, àyàfi bó o bá fọwọ́ sí i lórí ìwé pé o kò fẹ́ ẹ. Àkọ́kọ́ ni PIP, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti $2,500. Ó ń san owó ìwòsàn àti apá kan nínú owó iṣẹ́ tó bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, yálà ìwọ lo jẹ̀bi tàbí ẹlòmíràn. Èkejì ni uninsured motorist, fún ọjọ́ tí ẹni tí kò ní ìnṣọ́ránsì, tàbí tí tirẹ̀ kò tó nǹkan, bá kọlù ọ́. Ti dúkìá nínú èyí ní deductible (owó tí wàá kọ́kọ́ yọ lápò ara rẹ) $250 péré ní Texas, ó sì lè gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ti collision rẹ, ìyẹn èyí tó ń tún ọkọ̀ tìrẹ ṣe bó bá forí sọ nǹkan, bá jẹ́ $1,000. Ọ̀pọ̀ iye tó dà bíi pé ó kéré lórí fóònù, bí wọ́n ṣe mú un kéré ni pé wọ́n ní kó o tẹ ibi tí wọ́n kọ "mi ò fẹ́" sí fún méjèèjì. Má tẹ̀ ẹ́.

Mú kí àwọn ìwé náà dọ́gba

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. State Farm, Progressive, GEICO, Allstate àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kì í ṣe ìṣírò lọ́nà kan náà. Ọkọ̀ tí ẹnì kan ń bẹ̀rù, ẹnì kejì lè máa wá a. USAA wà fún àwọn ọmọ ogun àti ẹbí wọn, nítorí náà bí ọkọ rẹ tàbí òbí rẹ bá wà níbẹ̀, béèrè. Ejẹ́ńtì kan wà tó jẹ́ pé ọjà ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń tà. Òmíràn wà tó lè fi ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ hàn ọ́. Bá irú kejì yìí sọ̀rọ̀, kó o tún pe àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ. Ejẹ́ńtì tó jẹ́ ọmọ ìjọ yín náà, kò burú, ọmọ wa ni. Ìbéèrè kan náà ni kó o bi í.

Kọ nǹkan wọ̀nyí sórí ìwé kan, kó o sì kà á fún gbogbo wọn láìyí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà:

- liability 100/300/100, PIP, àti uninsured motorist;
- comprehensive àti collision, pẹ̀lú deductible kan náà;
- iye tí wọ́n máa san lójúmọ́ fún ọkọ̀ háyà nígbà àtúnṣe, àti ọjọ́ mélòó;
- gbígbé ọkọ̀ tó bá dákú sójú ọ̀nà, àti bí ó ti lè jìnnà tó;
- pátì (ẹ̀yà ara ọkọ̀) tó ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ọkọ̀ wá;
- gap, tí màá ṣàlàyé níwájú.

Kó o tó fi iye wọn wéra, wo oṣù tó wà fún. Ilé-iṣẹ́ kan lè pe $1,380, èkejì $2,500, kí inú rẹ sì máa dùn sí ti àkọ́kọ́. Àmọ́ bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ ti oṣù mẹ́fà, $2,760 ló ń gbà lọ́dún. Bí ẹni ń fi owó ankárá yáàdì mẹ́fà wé ti yáàdì méjìlá ni. Bèèrè owó ọdún kan gbáko, kó o sì béèrè iye tí yóò dín bó o bá san án lẹ́ẹ̀kan náà, torí wọ́n máa ń bu owó lé ti ẹni tó ń san án lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ deductible

Deductible ni owó tí wàá kọ́kọ́ yọ lápò ara rẹ kí wọ́n tó dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ejẹ́ńtì á sọ pé kó o gbé e láti $500 lọ sí $1,000 kí owó ọdún rẹ lè dín. Bi í pé: yóò dín ní èló? Ká ní $120 ni. Yóò gbà ọ́ ju ọdún mẹ́rin lọ láìsí ìjàǹbá kó o tó rí $500 tó o gbé lé orí ara rẹ gbà padà. Ká ní $300 ni, kò ní gbà ọ́ tó ọdún méjì, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rọra pa eèrà á rí ìfun inú rẹ̀.

Bó o bá sì yan $1,000, ibo ni $1,000 náà wà? Àwa tá a ń dá àjọ, nígbà tí kíkó bá kàn ọ́, yọ ọ́ sọ́tọ̀ kó o tó ra ohunkóhun, kó o fi í sínú àkáǹtì tí káàdì rẹ kò dé. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà ní ibi àtúnṣe kọ́ ló yẹ kó o máa wá ẹni tí yóò yá ọ lówó.

Ìbéèrè tó jẹ́ ti ọkọ̀ oníná

Ibí ni kó o ti fara balẹ̀, torí ibí ni ìwé tó pọ́ọ́kú ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀.

Ta ni yóò tún un ṣe? Òfin Texas fún ọ láṣẹ láti yan ibi àtúnṣe tó wù ọ́. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè ní owó tí ibẹ̀ pè ti pọ̀ jù. Bèèrè kí ó tó ṣẹlẹ̀: ṣé wọ́n ń san iye tí ibi tí Ford, Rivian tàbí Tesla fọwọ́ sí ń gbà? Kó o sì wo bí ibi bẹ́ẹ̀ tó súnmọ́ ilé rẹ jù ṣe jìnnà tó. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tí ibi àtúnṣe rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn ti ra ìdúró.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe? Bí ìwé rẹ kò bá sọ pé pátì tó ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà ni, wọ́n lè wá ayédèrú tó jọ ọ́ tàbí èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ àlòkù. Fún ọkọ̀ tí kámẹ́rà ń ran ìjánu rẹ̀ lọ́wọ́, mi ò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Kí lo máa wà títí yóò fi ṣe tán? Ọ̀pọ̀ pólísì ń fún èèyàn ní $30 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ìyẹn $900. Pátì ọkọ̀ oníná lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé. Bèèrè fún $50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, kí ọjọ́ rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ṣírò bóyá owó náà tó háyà píkọ́ọ̀pù, àbí ọkọ̀ kékeré tí kúlà kan kò lè wọ̀ lo máa máa wà lọ síbi ìnáwó.

Báwo ni wọ́n ṣe máa gbé e? Ọkọ̀ oníná kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi okùn fà kí táyà rẹ̀ máa yí nílẹ̀. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n fi ń gbé e. Rí i pé ìwé rẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Omi ńkọ́? Àwa tá a mọ ohun tí ìjì Harvey ṣe fún Houston ní oṣù Kẹjọ 2017 kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ìwàásù. Comprehensive ló ń san owó ọkọ̀ tí omíyalé bá gbé, òun náà ló ń san ti yìnyín, olè àti iná. Liability nìkan kò san kọ́bọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná tún le sí i: lẹ́yìn ìjì Ian ní Florida ní 2022, àwọn ọkọ̀ oníná kan tí omi òkun wọ̀ ṣàdédé gbiná. Ìjì ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹfà títí dé ìparí oṣù Kọkànlá. Bí ìjì tí wọ́n ti sọ lórúkọ bá ti wọ Gulf, àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń dáwọ́ títa irú ìwé bẹ́ẹ̀ dúró. Rà á nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i; ti ọkọ̀ tó bàjẹ́ pátápátá kò rí bẹ́ẹ̀ fún wa. Iye tí ọkọ̀ náà ń jẹ lọ́jọ́ tó bàjẹ́ ni wọ́n máa san, kì í ṣe iye tó o rà á. Owó ọkọ̀ oníná sì máa ń já wálẹ̀ kíákíá. Ní oṣù Keje 2023, Ford fúnra rẹ̀ dín owó Lightning tuntun kù, ti àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $10,000. Ẹni tó ra tirẹ̀ lóṣù tó ṣáájú kò fọwọ́ kan nǹkan kan, iye ọkọ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀. Ká ní o ṣì jẹ báńkì ní $58,000, tí wọ́n ní ọkọ̀ jẹ́ $47,000 nígbà tó bàjẹ́: $11,000 wà lọ́rùn rẹ láìsí ọkọ̀ nílẹ̀. Gap ló ń san ìyẹn. Dílà á fẹ́ tà á fún ọ, kó sì dà á pọ̀ mọ́ gbèsè ọkọ̀ kí èlé máa gorí rẹ̀. Bèèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ́kọ́. Níbẹ̀ ló ti sábà máa ń rọrùn.

Ṣájà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ilé, ìnṣọ́ránsì ilé ló kàn. Pe wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá kàn án mọ́ ògiri tán.

Iṣẹ́ tó o ń fi ọkọ̀ náà ṣe

Sọ òtítọ́ fún wọn. Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ tí wọ́n sanwó rẹ̀ lò ń gbé, tàbí àga àti àgọ́ tó o fi ń háyà, pólísì ti àdáni lè má dá ọ lóhùn bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ìnáwó. Uber, DoorDash àti fífi ọkọ̀ háyà lórí Turo náà ní àlàyé tiwọn. Gba iye méjì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ti àdáni tí wọ́n fi òwò kún, àti ti commercial. Ti commercial á wọ́n jù, ṣùgbọ́n ìwé tó máa kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìdààmú wọ́n ju gbogbo wọn lọ.

Bákan náà, má fi àdírẹ́sì àǹtí rẹ tó wà ládùúgbò tí owó rẹ̀ kéré bo tìrẹ mọ́lẹ̀. Má sì fi ọmọ rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì pamọ́. Òótọ́ ni pé orúkọ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún máa ń gbé owó ga gan-an. Àmọ́ bí wọ́n bá rí i pé o parọ́, wọ́n lè kọ̀ láti san kíléèmù rẹ.

Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ

Wọ́n á ní kó o gba áàpù tó ń wo bó o ṣe ń wakọ̀, kí wọ́n lè dín owó rẹ: Snapshot ti Progressive, Drive Safe & Save ti State Farm, Drivewise ti Allstate. Ní Texas, owó Tesla Insurance lè gòkè sọ̀ kalẹ̀ lóṣooṣù gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ bá ṣe fún ọ ní máàkì sí. Wọ́n ń wo bó o ṣe ń tẹ ìjánu lójijì, bó o ṣe ń fọwọ́ kan fóònù, àti ìrìn òru. Ti òru yìí ló kàn wá. Nọ́ọ̀sì tó ń wọṣẹ́ ní aago méje alẹ́, tó ń jáde ní méje àárọ̀, kò ní wàhálà. Ẹni tó ń jáde ní aago mọ́kànlá alẹ́, tàbí ẹni tó ń kó kúlà kúrò ní họ́ọ̀lù lẹ́yìn òwàńbẹ̀ ní aago méjì òru, ní láti rò ó dáadáa. Bi wọ́n pé: ṣé áàpù yìí lè mú kí owó mi gòkè, àbí ẹ̀dínwó nìkan ló ń ṣe? Wọn kì í dọ́gba.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ rẹ. Ní oṣù Kẹjọ 2024, agbẹjọ́rò àgbà Texas pe General Motors lẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ta ìròyìn bí àwọn èèyàn ṣe ń wakọ̀; ní oṣù Kìíní 2025, ó pe Allstate pẹ̀lú. Nígbà tí dílà bá ní kó o tẹ "mo gbà" lójú ẹ̀rọ inú ọkọ̀, dúró, kó o ka ohun tó wà níbẹ̀. O tún lè béèrè fún àkọsílẹ̀ rẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ LexisNexis, ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìròyìn àwọn awakọ̀ jọ, kó o rí ohun tí àwọn adójútòfò ń rí.

Èyí tó jẹ́ ti àwa obìnrin

Ní Texas, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò láṣẹ láti wo kírẹ́díìtì rẹ nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó rẹ. California kò gbà bẹ́ẹ̀, Massachusetts àti Hawaii náà kò gbà. Ṣùgbọ́n òfin Texas ṣílẹ̀kùn kan tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀: bó bá jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀, ikú ọkọ, ọmọ tàbí òbí, àìsàn ńlá, pípàdánù iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tàbí olè tó lo orúkọ rẹ ló ba kírẹ́díìtì rẹ jẹ́, o lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò pé kí wọ́n ṣàánú rẹ nínú ìṣirò náà. Kọ lẹ́tà yẹn. Wọn kì í fi lọ̀ ọ́ tó ò bá béèrè.

Gbogbo ọdún tó o fi wakọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó, wọn kì í sábà kà á sí ọ lọ́rùn níbí. Ìtàn ìnṣọ́ránsì tó o bá kọ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń wò, nítorí náà má jẹ́ kí ó já. Má fagi lé ti àtijọ́ kí tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan. Jẹ́ kí orúkọ rẹ wà nínú pólísì gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tó ni ín, kì í ṣe awakọ̀ lásán lábẹ́ orúkọ ọkọ rẹ. Ọkọ dáadáa kì í bínú sí ìyẹn, ìwọ náà á sì ní ìtàn tìrẹ lọ́jọ́ tó o bá nílò rẹ̀.

Kó o tó mú ẹnì kan

Wo HelpInsure, ìkànnì tí ìjọba Texas gbé kalẹ̀ láti fi iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbà wéra. Ó máa jẹ́ kó o mọ ẹni tó yẹ kó o pè. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì ní Texas tún ń ṣàkọsílẹ̀ iye ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí owó ẹnì kan bá kéré tí ẹ̀sùn rẹ̀ sì pọ̀, o ti mọ ibi tí owó náà ti kéré. Béèrè ẹ̀dínwó ọkọ̀ oníná pẹ̀lú. Travelers àti Lemonade wà lára àwọn tó ń fún un ní àwọn ìpínlẹ̀ kan.

Ṣírò owó ìjọba náà mọ́ ọn. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023, Texas ń gba $400 lórí ọkọ̀ oníná tuntun nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àti $200 lọ́dọọdún nígbà tí wọ́n bá ń tún ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe. Bí dílà kan bá sì ṣì ń fi $7,500 tí ìjọba àpapọ̀ máa ń dín nínú owó orí tàn ọ́, ìyẹn ti parí láti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹsàn-án 2025.

Tó o bá ti ṣe gbogbo èyí, kó àwọn ìwé náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí méjì bá dọ́gba nínú ohun tí wọ́n máa ṣe fún ọ, mú èyí tó kéré, má tijú. Bí èyí tó kéré bá kéré nítorí pé ó yọ gap, ó yọ PIP, ó sì fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú $25,000 Texas, jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó o sì tún ìbéèrè náà bi gbogbo wọn nígbà kọ̀ọ̀kan tí ìwé rẹ bá fẹ́ parí, nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, torí ilé-iṣẹ́ tó ṣe dáadáa fún ọ lọ́dún yìí lè gbé owó rẹ̀ ga lọ́dún tó ń bọ̀. Bí owó ọkọ̀ àti owó ìnṣọ́ránsì tó péye bá jùmọ̀ ju agbára rẹ lọ, ọkọ̀ yẹn kò tíì jẹ́ tìrẹ. Dúró kí apá rẹ ká a, kó o tó lọ rà á.